Òṣèré oníwà kọ́ o, ẹ jẹ́ ká tún un wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lórí ìtàn Buddy Ebsen, òṣèré ará Amẹ́ríkà, tá a fẹ́ kọ ní Yorùbá yìí, ẹnì kan ní ká pe vaudeville dancer, ìyẹn oníjó nínú vaudeville, eré orí ìtàgé Amẹ́ríkà àtijọ́, ní alárìnjó, ẹlòmíì ní ká pe character actor, ìyẹn òṣèré tó máa ń di oríṣiríṣi ẹ̀dá ìtàn, ní òṣèré oníwà. Ẹ jọ̀ọ́, oníwà yẹn ò lè ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá pe èèyàn ní oníwà níwájú ìyá mi, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé ọmọlúàbí ni, wọ́n á tiẹ̀ bi yín pé ọmọ ta ni. Ẹni tá à ń sọ yìí sì lè ṣe olè lónìí kó ṣe bàbá àgbẹ̀ lọ́la, ẹ̀dá ìtàn tó ṣe laráyé ń rántí, kì í ṣe ìwà ẹ̀.

Ẹ wo Ebsen fúnra ẹ̀. Belleville ní Illinois ni wọ́n ti bí i ní 1908, bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ níjó, ó dé New York ní 1928, òun àti Vilma àbúrò ẹ̀ wá ń jó kiri orí ìtàgé. Ní 1938 wọ́n ní kó ṣe ọkùnrin onípáànù nínú fíìmù The Wizard of Oz, ni wọ́n bá ń da ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù sí i lójú, ó ń fà á símú, ó wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, kò lè mí dáadáa mọ́, ó di ọsibítù. Jack Haley ni wọ́n gbé ipa yẹn fún, tiẹ̀ ni wọ́n wá pò bíi lẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi kùn ún. Láti 1962 dé 1971, Ebsen di Jed Clampett lórí tẹlifíṣọ̀n, bàbá ará oko tó bá epo rọ̀bì nílẹ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ oníjó ló kọ́kọ́ jẹ́.

Nítorí náà, agbẹ́dàáwọ̀ ni mo mú wá fún character actor: ẹni tó gbé ẹ̀dá ìtàn wọ̀ bí ìgbà téèyàn gbé ẹ̀kú wọ̀. Eégún aláré ti ń ṣe é tipẹ́, wọ́n ń di Tápà, wọ́n ń di òyìnbó, Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, rí ti òyìnbó yẹn lójú ara ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826.

Alárìnjó ńkọ́? Fún oníjó náà, mo gbà, ó rìn ó sì jó. Àmọ́ ẹ má fi pe eré vaudeville gan-an o, torí alárìnjó tiwa, ẹgbẹ́ kan ni lábẹ́ ọ̀gá kan, ti Amẹ́ríkà yẹn sì rèé, akọrin wá lọ́tọ̀, onídán wá lọ́tọ̀, ẹni tó ń fajá ṣeré wá lọ́tọ̀, gbogbo wọn á wá bọ́ sórí ìtàgé kan náà lálẹ́ ọjọ́ kan. Eré àdàlú ni màá pè é. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ẹ̀wà àti àgbàdo nìyẹn, òun náà ni mò ń wí, tẹ́ ẹ bá bu ṣíbí kan ẹ ṣì máa rí àgbàdo lọ́tọ̀, ẹ máa rí ẹ̀wà lọ́tọ̀.

Ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju agbẹ́dàáwọ̀ lọ, ẹ gbé e wá, mi ò tíì kọ ọ́ sínú ìtàn náà.