Àbọ̀ ìdánwò ẹrù sáìtì tíkẹ́ẹ̀tì wa: a ti rí ibi tó ti dí

Mo bèèrè ìdí tí sáìtì tí a fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ní Jibowu kò fi ń kọjá ìbéèrè 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bó ti wù kí n fi kún iye oníbàárà àtọwọ́dá inú k6 (ohun èlò tí a fi ń dán ẹrù sáìtì wò) tó, tí CPU, ọpọlọ server, sì jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹni tó ní kí n wo connection pool (àkójọ ọ̀nà tí sáìtì fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀) ló mọ̀ ọ́n. HikariCP, tó ń bójú tó pool wa, kì í ṣí ju ọ̀nà 10 lọ sí dátábéèsì àyàfi tí èèyàn bá yí i padà. Query (ìbéèrè sí dátábéèsì) tó ń wá àga tó ṣófo ń gba 200ms (ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá), nítorí náà ọ̀nà kan ń dá ìbéèrè 5 lóhùn ní ìṣẹ́jú-àáyá. Mẹ́wàá á dá 50. Iye yẹn gan-an ni! Àwọn yòókù kàn ń tò sẹ́yìn ni. A fi index (atọ́ka tó ń mú kí dátábéèsì tètè rí nǹkan) sórí tábìlì àga, 200ms di 20ms, ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí àwòrán àbọ̀ ìdánwò sì gbéra. A ò tilẹ̀ fọwọ́ kan pool.

Ṣáájú index yẹn, gbígbé ẹ̀rọ ìdánwò kúrò ní Yaba lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ server ní Jámánì dín àkókò ìdáhùn kù, àmọ́ 50 ò kúrò lójú kan.

Ó ku p99 ojú-ìwé ìsanwó, ìyẹn àkókò tí ìdáhùn 99 nínú 100 kì í kọjá. Ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ń dúró pẹ́ jù, torí pé ẹ̀rọ ìsanwó ẹlòmíì la ń retí níbẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an. Mo máa bèèrè ìyẹn lọ́tọ̀.