Alágbàfọ̀ ló ba ilẹ̀ jẹ́ kí a tó ra ilé, ta ni yóò sanwó ẹ̀?

Ìyá Tọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ní 2019 èmi àti bàbá Tọ́lá ra ṣọ́ọ̀bù kan ní Indianapolis níbí, bùkátéríà la fẹ́ fi ṣe. Owó ọwọ́ wa la fi rà á, a ò yẹ ilẹ̀ wò. Ìgbà tí a lọ yáwó àtúnṣe ni báńkì ní ká gbẹ́ ilẹ̀ wò. Ihò mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́, wọ́n bá kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ perc nínú mẹ́ta. Alágbàfọ̀ ló wà níbẹ̀ láti 1968 di 1984, perc yẹn ni wọ́n fi ń fọ kóòtù láìlo omi, òun ló jò wọlẹ̀. Àwa tí a ò fọ ṣòkòtò ẹnikẹ́ni rí! Wọ́n ní ẹni tó ni ilẹ̀ lónìí náà wà nínú gbèsè ọ̀hún. Inṣọ́ránsì wa ní ọ̀rọ̀ kẹ́míkà ò kan àwọn. Owó tí wọ́n bù lé wa ju owó ilé lọ. Ẹ gbà mí o.

Dèjì Maryland
Àǹtí, ẹ tà á lówó pọ́ọ́kú, kí ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Fort Wayne
Dèjì, dákẹ́ jàre. Ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀ òun ti bàjẹ́, tó tà á láìsọ, Superfund, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí ilẹ̀ tí kẹ́míkà bàjẹ́, ò ní fi í sílẹ̀.

Ìyá Tọ́lá, inṣọ́ránsì yín kọ́ lẹ máa wò, ti alágbàfọ̀ yẹn ni. Ìwé inṣọ́ránsì ayé ìgbà yẹn, ọdún tí nǹkan bàjẹ́ ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọdún tí ẹ mọ̀ pé ó bàjẹ́. Ìwé 1972 lè sanwó lónìí fún ohun tó jò ní 1972. Àyíká 1986 ni wọ́n tó wá fọwọ́ yọ ìbàjẹ́ kẹ́míkà kúrò pátápátá. Ibi tí ẹ wà tún dáa: ní 1996, nínú ẹjọ́ Kiger, ti ilé epo kan, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Indiana ní gbólóhùn tí wọ́n fi yọ ọ́ kò yéni, nítorí náà wọ́n túmọ̀ ẹ̀ gbe oníbàárà.

Ilé epo àtijọ́ lèmi náà rà. Ọmọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ní bàbá òun ti kú, kò síwèé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi jẹ́ kí n wo àjà ilẹ̀. Páálí bàtà kan ni mo rí, eku ti jẹ etí ẹ̀. Kò síwèé inṣọ́ránsì níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ṣẹ́ẹ̀kì inṣọ́ránsì tí báńkì ti san, tí wọ́n sì dá padà fún bàbá náà, wà, ti 1971 àti 1974. Bàbá yẹn fi bíró búlúù kọ nọ́ńbà ìwé inṣọ́ránsì sí igun ìsàlẹ̀, wínníwínní. Nọ́ńbà yẹn ni mo fi mú ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì náà. Wọ́n ti yí orúkọ padà nígbà méjì, gbèsè ò yí.

Ẹ wádìí lọ́dọ̀ akáǹtáǹtì alágbàfọ̀ yẹn, ẹni tó ta inṣọ́ránsì fún un, àti onílé tó gba owó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀, torí onílé máa ń béèrè ẹ̀rí inṣọ́ránsì.

Ẹ má náwó kankan kí lọ́yà tó bá yín kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì náà o! Èmi ti san owó lọ́yà oṣù mẹ́rin kí n tó kọ tèmi. Gbogbo ẹ̀ wọgbó. Ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ ọ́ ní 2009: owó ìgbèjà tí o ná kí wọ́n tó gbọ́, tìẹ ni.

Ìyá Tọ́lá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Alágbàfọ̀ yẹn ti kú, ilé iṣẹ́ ẹ̀ ti tú ká. Ta ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́?

Ẹ̀gbọ́n Fort Wayne
Ó lè jẹ́ ogún ẹ̀, kí owó sì ti ọ̀dọ̀ inṣọ́ránsì ẹ̀ wá. Ìyẹn di ti lọ́yà tó ń gbèjà àwọn oníbàárà inṣọ́ránsì, kì í ṣe ti àwọn tó ń gbèjà ilé iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé náà ná.

Ìyá Tọ́lá
Ọmọ ọmọ ẹ̀ ń gbé lójú pópó kejì sí wa. Ní Sátidé mo máa gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù kan lọ síbẹ̀.