Ẹ gbà mí o: ọ̀gá kílọ́ọ̀bù ní kí n kọ lẹ́tà pé ara agbábọ́ọ̀lù ti yá

Títí Kent: Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Inú ń bí mi débi pé mi ò rí oorun sùn. Sports therapist ni mí, ẹni tó ń tọ́jú eléré ìdárayá tó bá fara pa; ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kà á ní yunifásítì níbí ní England. Mò ń bá kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ wa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Owó tí wọ́n ń san ò tó owó epo ọkọ̀ mi. Èmi náà ni mò ń ra báńdéèjì, èmi ni mò ń ra yìnyín. Tí mo bá ní kí àwọn ọmọ gbára dì dáadáa kí wọ́n tó wọ pápá, ọ̀gá kílọ́ọ̀bù á ní "Ìyá Olóróró tún ti dé." Ìyá Olóróró, èmi tí mo ní dìgírì!

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó pariwo mọ́ mi níṣojú gbogbo èèyàn torí pé mo mú agbábọ́ọ̀lù kan jáde. Ó wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ báyìí pé kí n kọ lẹ́tà pé ara ọmọ náà ti dá, wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ife-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ Àìkú yìí. Ó ní bí mi ò bá kọ ọ́, kí n má padà wá mọ́, kí n sì gbàgbé owó oṣù méjì tí wọ́n jẹ mí. Àgbàlagbà ni, ará ìlú wa ni, òun ló mú mi wọ kílọ́ọ̀bù. Báwo ni mo ṣe máa gba owó mi?

Ìyá Ìbejì Peckham: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ojú mi rí i ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni ọ̀gá ibẹ̀, ó jẹ owó iṣẹ́ òru mi, ó ní ẹbí ni wá. Àtìgbà yẹn, bí mi ò bá fọwọ́ síwèé, mi ò kí ń gbé ẹsẹ̀.

Àkàndé Leeds: Títí, ṣé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ló yẹ kó o gbé wá síta báyìí? Ẹni tó mú ọ wọlé! Lọ bá a nílé, kúnlẹ̀, kó o ṣàlàyé ara rẹ.

Físíò Ṣẹ́yẹ: Ẹ dúró ná. Kí ló ṣe ọmọ náà? Orúnkún ni àbí ọrùn ẹsẹ̀? O ti sọ ti owó, o ti sọ ti èébú, o ò sọ èyí tó yẹ ká gbọ́.

Títí Kent: Bọ̀dá Àkàndé, mo kúnlẹ̀ kí bàbá náà kó tó máa pariwo mọ́ mi. Mi ò bú u rí. Ẹ má sọ ọ́ di pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Dèjì Manchester: Èmi ò rò pé ìwọ ló yẹ kó o kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin dáàbò bo orúkọ físíò (physiotherapist) nílẹ̀ yìí, HCPC, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ló ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ti sports therapist, ẹnikẹ́ni lè jí lówùúrọ̀ kó fi pe ara rẹ̀. Ṣé o tiẹ̀ ní insúránsì?

Físíò Ṣẹ́yẹ: Dèjì, òótọ́ lo sọ nípa HCPC, àmọ́ má fi ẹnu tẹ́ iṣẹ́ oníṣẹ́. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, Society of Sports Therapists, tó ní ìlànà. Físíò ni mí, wọ́ọ̀dù ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún mi. Ẹni tó ń sáré wọ pápá nígbà tí ọmọ bá ṣubú mọ ohun tí èmi ò mọ̀. Títí, mo tún bi ọ́: kí ló ṣe ọmọ náà?

Títí Kent: Orí ni. Òun àti ẹnì kan forí gbárí níbi bọ́ọ̀lù kọ́nà. Ó dìde, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Mo bi í pé ẹgbẹ́ wo là ń bá gbá, ó dárúkọ ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ni mo bá mú un jáde.

Físíò Ṣẹ́yẹ: Ọpọlọ rẹ̀ ló mì yẹn (concussion), o sì ṣe é re. Má kọ lẹ́tà kankan! Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní UK ní 2023 fún eré ìdárayá àwọn tí kì í fi eré ṣe iṣẹ́ jẹun sọ pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá mì ò gbọdọ̀ padà sínú ìdíje kó tó pé ọjọ́ 21, ó kéré tán. Kó tó ṣe ìdánrawò tí ara ti ń gbá ara, ó gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ 14 láìsí àmì kankan. Ọjọ́ méje péré ni Àìkú yìí. Ọmọ ọdún 14 kan, Ben Robinson, kú ní Northern Ireland ní 2011, torí wọ́n jẹ́ kó máa gbá rọ́gíbì lọ lẹ́yìn tó ti forí gbá.

Ìyá Ìbejì Peckham: Yéè! Ọmọ ọdún mélòó ni? Ìyá rẹ̀ ti gbọ́?

Títí Kent: Ọmọ ọdún 16. Ìyá rẹ̀ wà ní Èkó, ó lọ sìnkú. Ọmọ ọ̀gá kílọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí torí àwọn tó mọ̀ wá á mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí pé orí ń fọ́ òun ju ti àná lọ, òun sì ti bì lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n má sọ fún bàbá òun.

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá: Títí, pe bàbá rẹ̀ NÍSINSÌNYÍ. Orí fífọ́ tó ń le sí i pẹ̀lú èébì lẹ́yìn tí èèyàn forí gbá, A&E ni, ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù. Bó bá ń tòògbé tí ẹ ò lè jí i, tàbí tí gìrì mú un, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Dèjì Manchester: Àṣírí aláìsàn ńkọ́? Ọmọ náà ní kó má sọ o.

Físíò Ṣẹ́yẹ: Níbi tí ẹ̀mí bá ti wà nínú ewu, àṣírí ò dí wa lọ́wọ́. Sọ fún ọmọ náà pé o fẹ́ pe bàbá rẹ̀, kó o sì pè é.

Àkàndé Leeds: Pè é, àbúrò mi. Gbàgbé ohun tí mo sọ.

Títí Kent: Mo ti pè é. Ó kọ́kọ́ ní ọmọ náà ń ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tí mo mẹ́nu ba èébì, ó já fóònù, ó gbé e sọ́kọ̀. Mo ti wà lọ́dọ̀ wọn ní ọsibítù báyìí. Wọ́n fẹ́ yàwòrán orí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá: Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà: aago tó forí gbá, ìbéèrè tó o bi í, ìdáhùn rẹ̀, àtọ̀rọ̀ àárọ̀ yìí. Kó o sì tọ́jú ẹ̀dà tìrẹ.

Títí Kent: Mo ti kọ ọ́ láti ọjọ́ Àìkú, mo kó o dání. Mi ò ní kọ lẹ́tà yẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó mi ṣì wà nílẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì Peckham: Ẹ jẹ́ kọ́mọ jáde lọ́dọ̀ dókítà ná. Lẹ́yìn náà, fi iye owó náà àtọjọ́ tó o ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn nínú íméèlì, má ṣe é lẹ́nu. Tí wọn ò bá dáhùn, padà wá bá mi.