Wáyà tí a fẹ́ gé lọ́jọ́ náà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo fẹ́ pààrọ̀ iná iwájú ọkọ̀ mi. Xenon, gílóòbù tó ń fi gáàsì tàn, ni iléeṣẹ́ fi sí i. Nígbà tí ojú iná náà di pupa rúsúrúsú tí kò mọ́lẹ̀ mọ́, mo ra odindi iná iwájú tuntun tí kì í ṣe ojúlówó. Ó wọlé sí àyè rẹ̀ wẹ́kú. Ẹnu wáyà ni kò bára mu: gílóòbù H7, tó jẹ́ halogen tó ní wáyà tín-ín-rín nínú, ni tuntun ń lò, D2S, tó jẹ́ xenon, sì ni ti àtijọ́.

Rewire tí mo gbé e lọ bá ní kò le rárá. Ó ní ká gé wáyà tó wọ ẹ̀yìn gílóòbù àtijọ́, ká so ó mọ́ tuntun, ká fi tépù wé e. Ó ti mú pílásì dání. Sítíkà kékeré kan ni mo rí lára àpótí pélébé tó wà lábẹ́ iná àtijọ́, wọ́n ya mànàmáná sí i. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

Àpótí yẹn ni ballast, òun ló ń pèsè iná fún gílóòbù xenon. Volt 12 ló ń wọ inú rẹ̀, àmọ́ ohun tó ń gba òdìkejì jáde kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ: tí D2S bá fẹ́ tàn, iná tó lé ní volt 20,000 ló kọ́kọ́ ń ta sí i, kó tó wálẹ̀ sí nǹkan bí 85. H7 tí a bá so mọ́ ibẹ̀ lè jó, ọwọ́ tó bá sì kàn án lásìkò yẹn, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, kó pa iná, kó yọ orí bátìrì kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Lóòótọ́, èèyàn lè fa iná H7 láti ibi tí volt 12 ti ń wọ ballast. Mo dán an wò. Ó tàn, àmọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ní gílóòbù ti bàjẹ́, torí ọkọ̀ náà ò retí watt 55 níbi tí watt 35 máa ń wà. Ó tún ṣókùnkùn sí mi lójú: tí a bá fi lumen wọn ìmọ́lẹ̀ wọn, 3,200 ni D2S, H7 jẹ́ nǹkan bí 1,500. Ẹnìkan ní kí n ki xenon bọ inú ilé H7. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ilé tí wọ́n ṣe fún halogen ò lè kó ìmọ́lẹ̀ yẹn níjàánu, ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ló máa lọ bá.

Mo dá àwọn iná H7 náà padà, mo ra èyí tí wọ́n ṣe fún D2S. A tú ballast àtijọ́, a dè é mọ́ tuntun, a ò gé wáyà kankan. Síbẹ̀ iná ìkìlọ̀ kan ò kú. Mọ́tò kékeré tó ń gbé ojú iná sókè, tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, la gbàgbé sínú ti àtijọ́. A yọ ọ́ wá, a dè é. Mo ṣíná: ìmọ́lẹ̀ méjèèjì yọ láwọ̀ búlúù, ó funfun díẹ̀díẹ̀, wọ́n tẹrí ba lára ògiri, wọ́n sì gbórí padà bí wọ́n ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.