Ta ló gbé Bloc Party dìde gan-an?

Dàpọ̀_Báàsì: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ́nù láyé ọjọ́un, ẹ bá wa dá sí i. Jìtá báàsì ni mo ń ta nínú ẹgbẹ́ olórin kan l'Ábẹ́òkúta, post-punk (irú rọ́ọ̀kì kan tó jáde lẹ́yìn punk) là ń ṣe, àwọn aládùúgbò ò sì fẹ́ràn wa. Onílù wa ní owó ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló gbé Bloc Party, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Lọ́ńdọ́nù yẹn, yọ ní 2005, pé irú wa ò lè débẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Ẹ̀rí ni mi ò ní.

Ẹ̀gbọ́n_NewCross: Àbúrò, ìparí ìtàn ni onílù yín ti bẹ̀rẹ̀. Kele Okereke (ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Liverpool) àti Russell Lissack ti ń ta jìtá pọ̀ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Ìpolówó inú ìwé ìròyìn orin NME ló mú Gordon Moakes, oníbáàsì bíi tìẹ, wá bá wọn. Matt Tong onílù ló dé kẹ́yìn.

Ní 2003, Kele mú demo (orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti fi dán an wò) lọ síbi tí ẹgbẹ́ Franz Ferdinand ti ń kọrin. Ó fi lé Alex Kapranos, olórí akọrin wọn, lọ́wọ́, ó fún Steve Lamacq, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ BBC Radio 1, náà. Lamacq gbé e sáfẹ́fẹ́. Èló ni ìyẹn ná wọn? Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ló kọ́kọ́ gbé orin wọn jáde, Trash Aesthetics, lẹ́yìn náà Moshi Moshi. 2004 ni ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Wichita tó gbà wọ́n.

Tọ́pẹ́ K: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, àsìkò náà ṣe gudugudu méje. Ẹgbẹ́ The Strokes àti Interpol ti la ọ̀nà sílẹ̀ láti New York, Franz Ferdinand sì gba Mercury, ẹ̀bùn àwo orin tó dára jù ní Britain, ní 2004. Gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló ń wá ẹgbẹ́ onígìtá nígbà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n_NewCross: Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó bá wọn wọlé la ṣì ń gbọ́? Dàpọ̀, ki íápíìsì bọ etí, kó o gbọ́ orin wọn "Banquet". Jìtá kan ń sọ̀rọ̀ létí òsì, èkejì ń dá a lóhùn létí ọ̀tún, wọn ò já lu ara wọn. Wá gbọ́ Tong: àwo idẹ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn, ṣe ló ń ṣí i tó ń pa á dé bíi ti disco. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nígbà yẹn kórìíra rọ́ọ̀kì, àmọ́ tí èyí bá ti dún, orí rẹ̀ á máa mì. Paul Epworth, olùgbórinjáde, ló bá wọn ṣe Silent Alarm, àwo orin wọn àkọ́kọ́, ní Copenhagen àti Lọ́ńdọ́nù. Ó dé ipò 3 ní Britain, NME sì fi ṣe àwo orin tó dára jù lọ́dún 2005.

Dàpọ̀_Báàsì: Ẹ ṣeun, sà. Mo ti fi han onílù. Ó ní jìtá wa méjèèjì ń já lu ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n_NewCross: Gbé demo yín síbí ká gbọ́ ọ ná.