Nígbà tí ara ń yún ọmọ wa: ohun tí ojú wa rí nílé

Ìyá Àkànní, Mọ́níyà

Àbúrò Àkànní ti pé oṣù mẹ́rin nígbà tí ọyẹ́ mú gidigidi ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ó sì ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ó ti dé kọ̀rọ̀ ìgúnpá àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ìlédìí ń bò kò ní nǹkan kan. Òru ni wàhálà rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Yóò máa fi ojú ra èjìká mi títí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yóò fi hàn lára aṣọ mi, nítorí èékánná rẹ̀ ti họ ibẹ̀ ya.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá láti Ìsẹ́yìn láti bá wa wẹ ọmọ, sọ pé ooru ni, pé kí á túbọ̀ máa wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kí n má purọ́, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Omi gbígbóná, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni a ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́, a ó tún kán omi apakòkòrò olóòórùn líle sínú omi tí a fi ń ṣan ara rẹ̀, a ó wá fi páúdà lé e. Bí ara náà ṣe ń pọ́n sí i ni àwa náà ń fi kún ìwẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó wò ó, tí ó wá bi mí pé: “Ìyá Àkànní, ṣé wíwẹ̀ ni ẹ ń wẹ ọmọ yìí ni, àbí bíbó ni ẹ ń bó o?”

Ó ṣàlàyé pé eérú tí ó wà nínú ọṣẹ dúdú máa ń le jù fún awọ ọmọ ọwọ́ tí ó ti gbẹ, àti pé omi gbígbóná òun kànìnkànìn ń họ ọ̀rá tí awọ ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ dànù. Dókítà tí ó ní kí n lọ rí ni ó pè é ní eczema, àìsàn awọ gbígbẹ tí ń yún, ó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ikọ́ fée nínú ìdílé wa, torí àwọn méjèèjì sábà máa ń wà nínú ìdílé kan náà. Àbúrò ọkọ mi ní in. Dókítà ní eczema kì í ràn, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí.

Láti ìgbà náà, omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ni a ń lò, èyí tí mo bá ti ìgúnpá bọ̀ tí kò ta mí. Ìwẹ̀ kì í sì í ju ìṣẹ́jú 10 lọ. A kì í nu ara rẹ̀ gbẹ mọ́, ńṣe ni a ń fi aṣọ ìnura tẹ̀ ẹ́ pẹ́pẹ́, kí ìṣẹ́jú 3 tó kọjá, nígbà tí ara ṣì tutù díẹ̀, a ti fi òrí pa á. Òrí tí kò ní lọ́fínńdà ni mo rà ní Bódìjà, lọ́wọ́ obìnrin kan tí ń kó o wá láti Ṣakí, mo sì kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá ọmọ fún ọjọ́ kan kí n tó fi pa gbogbo ara. Màmá a gé èyí tí ó tó ẹ̀kùrọ́ kan, wọ́n a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á títí yóò fi yọ́, òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo yàrá.

Àwọn aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo kó pamọ́ pẹ̀lú káńfọ̀ ni n kò tètè fura sí. Dókítà ní kí n kó wọn kúrò, kì í ṣe nítorí ara yíyún nìkan: káńfọ̀ oníhóró yẹn lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́ bí ọmọ náà kò bá ní G6PD tó, èròjà tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kí ibà pọ́njú sì gbé e dè. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó ń wọ̀ báyìí, a sì ń ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ọṣẹ lè jáde. Bí ó bá ń yún un lóru, aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù ni mo ń gbé lé e.

Ọkọ mi ni ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá nípa ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú. Wọ́n ní ọmọ márùn-ún ni àwọn fi wẹ̀, gbogbo wọn ló sì yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òrí ni dókítà gbà, ojú wọn tú ká: “Òrí tiwa yìí náà?” Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ́ kí èmi fi òrí pa ọmọ mọ́.

Bàbá Tọ́lá, Òkè-Adó

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpara kan tí ẹnì kan ń pò tà lọ́jà ni wọ́n bá wa rà. Ọjọ́ méjì péré, gbogbo ara yíyún náà ti lọ, a sì ń yin ẹni tí ó tà á. Bí a ṣe dáwọ́ dúró ni ó padà wá tagbára-tagbára, awọ ọmọ sì ti tín-ín-rín, ó ti funfun ní ibi tí a fi pa. Dókítà ní ó jọ iṣẹ́ clobetasol, oògùn tí agbára rẹ̀ pọ̀ púpọ̀ ju ohun tí a ń fi sí ojú ọmọ ọwọ́ lọ. Hydrocortisone 1%, ìpara tí agbára rẹ̀ kéré, ni òun fún wa, fún ọjọ́ díẹ̀, fún ibi tí ó pọ́n nìkan.

Ìyá Ìbejì, Agbowó

Kí ẹ wo àárín ìka ọmọ náà o. Òrí ni èmi náà ń fi pa àwọn ọmọ mi, kò gbọ́, àṣé kúrúnà ni. Ohun tí ó tú u fó ni pé bàbá wọn àti ọmọ ọ̀dọ̀ wa náà ń họ ara lóru. Gbogbo ilé ni a jùmọ̀ tọ́jú lọ́jọ́ kan náà. Ìyá Àkànní, ṣé ẹ ti fún tiyín ní ẹyin, torí ara àwọn ọmọ kan máa ń kọ̀ ọ́?

Ìyá Àkànní, Mọ́níyà

Mo ti fún un nígbà tí ó pé oṣù méje, ẹyin sísè jinná, ìwọ̀nba tí ó wà ní orí ṣíbí kékeré, nǹkan kan kò sì ṣe é. Dókítà ní kí n má ṣe fi oúnjẹ du ọmọ láìnídìí, ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ojú rẹ̀ bá wú, tí ó ń bì léraléra tàbí tí èémí rẹ̀ le, kí n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ibi tí ó họ bá ń ṣọyún tí ara rẹ̀ sì gbóná. Kò tíì ṣẹlẹ̀ sí wa. Màmá ti padà sí Ìsẹ́yìn, wọ́n sì ń pè ní gbogbo àárọ̀ Sátidé láti béèrè bóyá òrí ṣì kù.