Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ fẹ́ fẹ̀yìn tì l'Ákùrẹ́: ọ̀nà wo ni kó fi gba owó rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń darí ẹ̀ṣọ́ àwọn èèyàn ńlá ní Sífù Dìfẹ́ǹsì máa pé ọmọ ọdún 60 lóṣù tó ń bọ̀. Kò ní lè dúró de ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. A ti wo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, 8% owó oṣù rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń dá àti 10% tí ìjọba ń fi kún un.

Ọ̀nà méjì ló wà. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì bá ń san án fún un díẹ̀díẹ̀, ìyókù á kan àwọn ọmọ tó bá kú, àmọ́ ó lè tán lójú ẹ̀mí rẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló ń san án, kì í tán títí ó fi máa kú. Ṣùgbọ́n tó bá kú lẹ́yìn tó ti gbà á fún ọdún 10, àwọn ọmọ ò ní rí kọ́bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fà á, ìyẹn ló ń dà mí láàmú jù. Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì, ibi ìfọwọ́sí ṣì ṣófo.

Èwo ni kó mú? Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣé gan-an ni.